Ipò Kẹta Tí Mo Gbé Lọ sí Peckham

Ẹ má bi mí bí òtútù ṣe rí níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti London dé ló ń sọ̀rọ̀ òtútù, àfi bí ẹni pé òtútù ni wọ́n lọ kí. Òtútù wà, mo wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù, ọ̀rọ̀ òtútù parí. Ohun tó já mi láyà kò jẹ mọ́ ojú ọjọ́ rárá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ láti kékeré, tí mi ò fura sí rí, ni wọ́n dójú tì mí nílùú ọba, díẹ̀ báyìí ló sì kù kí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ mi síta.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé búrẹ́dì ni iṣẹ́ wa ní Ìwó. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, Bàṣírátù ni orúkọ mi, ilé búrẹ́dì ìyá mi ni mo ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí mo ti jáde yunifásítì. Àkáǹtì ni mo fẹ́ kà nígbà náà. Ìmọ̀ nípa kòkòrò ni wọ́n fún mi. Ẹni tó bá ti ṣe ìdánwò àṣewọlé rí nílẹ̀ wa yóò mọ ohun tí mò ń wí: o béèrè iṣu, wọ́n fún ọ lọ́kọ́, wọ́n tún ní kí o máa dúpẹ́ pé ọwọ́ rẹ kò ṣófo. Mo ka kòkòrò títí, kò yé mi, kò sì wù mí. Nígbà tí mo máa jáde, Third Class ni wọ́n kọ sínú sátífíkéètì mi. Ìyẹn ni pé mo yege, ṣùgbọ́n ṣíún báyìí ló kù kí n má yege. Ibikíbi tí mo bá ti fi hàn wọ́n, wọn kì í kà á tán kí wọ́n tó dá a padà fún mi.

Síbẹ̀, mo fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ òwò, èyí tí wọ́n ń pè ní MBA. Mo fẹ́ mọ bí àwọn kan ṣe ń dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ tí kò fi ní kú bó bá rẹ ẹni tó dá a sílẹ̀. Mo kọ̀wé sí oríṣiríṣi ilé-ẹ̀kọ́ lókè òkun. Gbogbo wọn kọ̀ mí, àfi ọ̀kan ní gúúsù London tó ní òun fẹ́ rí mi lójúkojú kí òun tó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀kan ṣoṣo yẹn ni mo tìtorí rẹ̀ lọ. Bí òun náà bá kọ̀, ó tán nìyẹn, kí n padà sídìí ààrò mi.

Ìwó tó wọ súwẹ́tà

Àbúrò ìyá mi, Alájà Sàlímátù, ló gbà mí sílé. Nunhead ni wọ́n ń gbé, ní àdúgbò jẹ́jẹ́ kan tí ilé fara ti ilé, tí èèyàn kò sì ní gbọ́ ohùn aládùúgbò rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ti wà ní London kí n tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn arúgbó ni wọ́n ń tọ́jú níbi iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ pé àwọn ń lọ síbi iṣẹ́. "Shift" ni wọ́n ń lọ. Kí n tó tú ẹrù mi, wọ́n ní ká lọ ra oúnjẹ ní Peckham, pé kò jìnnà.

Mo ti múra sílẹ̀ de ìlú òyìnbó. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di fọ́ọ̀kì mú, mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bọwọ́. A yà sí òpópónà ọjà wọn tí wọ́n ń pè ní Rye Lane, ohùn àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ni, "Customer mi, ẹ wá wo iṣu! Tẹ́ ẹ bá gún un, kò ní kókó o!"

Mo dúró gbagidi. Iṣu rèé, tí wọ́n tò sílẹ̀ gbọọrọ. Ata rodo rèé nínú abọ́, ṣọkọ yòkòtò, ẹja gbígbẹ, àti ìgbín tó ń wọ́ lọ lára abọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí òtútù ti mú. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò tó balùwẹ̀, wọ́n ń dirí fún obìnrin kan, ó ń fi fóònù bá ẹnì kan jà lédè Ìjẹ̀bú.

"Alájà," mo ní, "ṣé London la wà báyìí?"

"Peckham la wà," ni wọ́n dá mi lóhùn, bí ẹni pé ìlú ọ̀tọ̀ ni.

Àṣé bí mo ṣe fò kọjá òkun tó yẹn, Ìwó ló wọ súwẹ́tà tó tún wá pàdé mi.

Ìdí búrẹ́dì ni wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nà mí. Mo rí búrẹ́dì Agége nínú ọ̀rá, inú mi dùn, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí a ti máa ń ṣe nílé. Búrẹ́dì tó bá wà láàyè, bí o bá tẹ̀ ẹ́, yóò gbéra padà. Eléyìí kò gbéra. Ojú ìka mi jókòó sí i lára.

"Ẹ̀gbọ́n, búrẹ́dì yín ti sùn o," ni mo wí fún obìnrin tó ń tà á. Ìmọ̀ràn ni mo pè é.

"Kí ló sùn?" Obìnrin náà ranjú mọ́ mi. "This morning ni wọ́n deliver ẹ̀! Tó ò bá rà, drop it, jọ̀ọ́."

Alájà fà mí lọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. "Bàṣírá, má wá fi búrẹ́dì dójú tì mí níbí. They know me on this road."

Sorry kì í ṣe pẹ̀lẹ́

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà, mo kí gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá wọlé ló ń kí ará ilé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo ní, "Good evening o." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Bàbá kan bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tí mò ń kí. Ọmọbìnrin kan yọ nǹkan tó kì bọ etí, ó wò mí, ó tún kì í padà. Alájà kọjú sí fèrèsé bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Awakọ̀ tẹ bíréèkì lójijì, ọkùnrin gíga kan sì fi iwájú orí sọ irin. Ó dún gbì.

"Ah! Sorry! Sorry, sir!" ni mo pariwo.

Ó fọwọ́ pa iwájú orí, ó ní kì í ṣe ẹ̀bi mi. Mo ní mo mọ̀, sorry. Ó ní kí ló wá dé tí mò ń bẹ òun. Mo ní n kò bẹ̀ ẹ́, mo kàn ní sorry ni. Ọkùnrin náà rọra sún lọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ó ń ṣọ́ mi láti ọ̀ọ́kán.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, Alájà rẹ́rìn-ín débi tí wọ́n fi di ògiri mú. "Pẹ̀lẹ́ lò ń sọ. Sorry tiwọn kì í ṣe pẹ̀lẹ́ o. Tó o bá ti ní sorry, ìwọ lo ṣe é nìyẹn, o ti gbà pé o jẹ̀bi."

"Kí wá ni wọ́n ń sọ fún ẹni tó fara pa?"

"Wọ́n á ní, 'Are you all right?' Tó bá ti ní yes, it's finished."

Ó yà mí lẹ́nu gidi. Èdè tó tóbi tó báyìí, tí gbogbo ayé ń sọ, kò ní pẹ̀lẹ́.

Nílé, mo pàdé ọmọ wọn, Fáùsátù, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Fausa. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó sì ń kàwé ní New Cross. Yorùbá rẹ̀ ń lọ tààrà bí ọ̀nà títì, kò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó fẹ́ sọ fún mi pé òun ń tọ́jú owó láti ra ọkọ̀, ọkọ ló jáde lẹ́nu rẹ̀, mo sì bi í pé èló ni wọ́n ń tà á lọ́hùn-ún. Ọmọ dáadáa ni. Ó kọ́kọ́ juwọ́ sí mi láti orí àga, ó wá rántí, ó dìde, ó kúnlẹ̀ ààbọ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó jábọ́ sílẹ̀.

Alájà gbé oúnjẹ kalẹ̀. Fausa wo abọ́, ó ní, "Mum, mi ò jẹ ìyẹn. I had chicken and chips already, allow it." Mo ti ń dúró de ìfọ́tí. Mo tilẹ̀ yẹ orí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà kàn mí. Alájà ní, "Okay." Wọ́n kó abọ́ náà wọ inú fíríìjì. Ẹ̀yin ará ilé, mo tún un wí, okay ni wọ́n sọ.

Láàárọ̀, búrẹ́dì tí wọ́n fún mi kún fún irúgbìn oríṣiríṣi. Mo rò pé ti ẹyẹ ni wọ́n ṣèèṣì gbé fún mi.

Àwọn wo ló ṣe ìkíní?

Lọ́jọ́ Àìkú, Alájà mú mi lọ sí àsálátù wọn ní mọ́ṣáláṣí kan ní Peckham. Ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe wọlé, ẹ̀rù ayọ̀ ni. Ọmọ Yorùbá kún inú ilé fọ́fọ́, àwọn tó ń wakọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn oníṣòwò, wọ́n ń ṣe àsálátù lóhùn kan náà bí a ti ń ṣe é nílé gẹ́lẹ́. Nígbà tí àdúrà parí, Alájà dìde. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìrẹsì tó wà nínú kúlà ni wọ́n fẹ́ sọ. Wọ́n gba máìkì.

"Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rèé, Bàṣírátù. He has an interview for business school this week." Wọ́n máa ń ṣi he àti she gbé fún ara wọn títí dòní. "Ọmọ yìí, nígbà tó jáde university, ipò kẹta ló ṣe. Ipò kẹta nínú gbogbo university!"

"Allāhu Akbar!" Ilé mì tìtì.

Mo wá rí bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn. Third Class ni mo sọ fún ìyá mi. Ìyá mi, tí kò kàwé lọ títí, tú u sí ipò kẹta, wọ́n sì fi fóònù ròyìn rẹ̀ fún àbúrò wọn. Ta ló sì ń gbọ́ ipò kẹta tí yóò rò pé ìsàlẹ̀ ló wà? Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pín wa ní káàdì nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ṣe ipò kẹta, ẹni méjì péré ló wà níwájú rẹ̀. Láti ìgbà náà wá, Alájà ti ń fi mí yangàn káàkiri Peckham.

Bàbá arúgbó kan tó jókòó lọ́wọ́ iwájú ṣẹ́wọ́ sí mi. "Ọmọ mi, Ọlọ́run á ṣe é ní àṣeyọrí. Àwọn wo ló ṣe ìkíní àti ìkejì?"

"Wọ́n pọ̀, bàbá," ni mo wí.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ wo ọmọ tó mọ̀wé tó tún níwà ìrẹ̀lẹ̀. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n sì bu ìrẹsì kún abọ́ mi.

Fausa kò jẹ́ kí a bọ́ bàtà tán nílé. "Mum, wait. Bàṣírá, what did you actually get? Like, a Third?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mum! Ìyẹn ò kí ń ṣe number three o. A Third is, like, the bottom. Ìsàlẹ̀! Nǹkan tó wà below it ni fail."

Alájà wò mí. Mo wolẹ̀. Wọ́n fi ara balẹ̀ jókòó sórí àga, wọn kò tí ì bọ́ ìbòrí. "Bàṣírá, ṣé òótọ́ lohun tí ọmọ yìí ń sọ?"

"Òótọ́ ni, mà."

"Mo ti sọ ọ́ nínú máìkì," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. Ojú tì mí ju bó ṣe tì wọ́n lọ. Ó dùn mí pé ayọ̀ tí wọ́n ti ń yọ̀ lórí mi láti ọjọ́ yìí, orí àṣìgbọ́ ló dúró lé.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé orí sókè. Àbá ti dé. "Àṣírí là ń bò. Tí wọ́n bá bi ẹ́, sọ pé ara rẹ ò yá nígbà yẹn. Sọ pé wọ́n gbé ẹ lọ sí hospital."

"Mum, they've literally seen it," ni Fausa wí. "Ó ti fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n mọ̀."

"Wọ́n mọ̀, wọ́n tún ní kó wá? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"They want to hear her story, innit."

"Ìtàn wo? Òǹkọ̀wé ló fẹ́ dà ni?" Alájà dìde, wọ́n lọ fi ìbínú fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

Àwọn wo ni "they"?

Mo rò pé wọn kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ íńtáfíù, ògì gbígbóná àti àkàrà ni mo bá lórí tábìlì. Wọ́n ti wọ kóòtù. "Mo ti yí shift mi. Mo ń sìn ẹ́ lọ. Wàá wọlé, Bàṣírá. O gbọ́dọ̀ wọlé, kí Ọlọ́run má sọ mí di onírọ́ láàárín ẹgbẹ́ àsálátù."

Bọ́ọ̀sì gba Old Kent Road, níbi tí wọ́n ti sọ ilé ìkẹ́rùsí di ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń fi omi ọṣẹ fọ ọkọ̀ nínú òtútù. Alájà ń ka tẹ̀sùbáà wọn, ètè wọn ń mì. Nígbà tí a dé ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé mi wọ yàrá. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, ṣé ẹ máa fẹ́ jókòó, mà? Ṣé ẹ máa fẹ́ tíì? Alájà ní rárá, àwọn fẹ́ wọlé ni. Ó tún ní, ṣé ẹ máa fẹ́ jókòó níbí tó rọ̀ díẹ̀? Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bí òyìnbó bá fẹ́ sọ pé rárá, yóò máa bi ọ́ bóyá o fẹ́ jókòó.

Obìnrin kan tí irun wọn ti funfun ló wá mú mi. Bàtà tí wọ́n fi ń sáré ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n ní Helen ni àwọn ń jẹ́, kí n máa pe àwọn ní Helen. Ẹ gbọ́, wọ́n ju ìyá mi lọ. Mo gbìyànjú rẹ̀, orúkọ náà há mi lọ́fun. "Ma" ni mo pè wọ́n títí a fi parí.

Wọ́n bu omi fún mi. Bí wọ́n ti ń bu omi náà lọ́wọ́ ni wọ́n sọ pé Third ni mo gbé jáde ní yunifásítì, bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń rọ̀ níta. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ pá mi lórí. Ọ̀rọ̀ tí a ń fi àìsàn bò, tí a ń fi hospital bò! Wọ́n béèrè ohun tó fà á. Mo ní kòkòrò ni wọ́n fún mi kà, èmi àti kòkòrò kò sì gbọ́ ara wa yé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kì í ṣe sátífíkéètì yẹn ló jẹ́ kí àwọn pè mí, ilé búrẹ́dì tí mo kọ̀wé nípa rẹ̀ ni, kí n sọ ọ́ fún àwọn dáadáa.

Ara tù mí wọ̀ọ̀. Búrẹ́dì kẹ̀! Mo ki Gẹ̀ẹ́sì mọ́lẹ̀. Mo ní, "They had only one oven in Ìwó. They saw that people were eating akara without bread, so they made a small bread. They opened Ẹdẹ. They opened Òṣogbo." Mò ń sọ, mò ń fọwọ́ júwe. Àwọn náà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó ṣe, kíkọ náà falẹ̀. Wọ́n fi bírò lélẹ̀.

"Who are 'they'?"

"My mother, ma."

"Your mother, and who else?"

"Only my mother."

Wọ́n wò mí fín-ín. "One woman?"

"Yes, ma. They are just one."

Helen bojú wo ohun tí wọ́n kọ, wọ́n sì mi orí. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù, wọn kò fi mí ṣẹ̀sín: pẹ̀lú gbogbo ohun tí àwọn gbọ́ yìí, ó jọ pé ìyá mi ló yẹ kí àwọn gbà wọlé.

Ọ̀ọ́kán ni mo ti rí ilẹ̀kùn tó ń pa dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí mọ̀ pé kò sí nǹkan tí mo ṣe. Ta ni wọ́n bí dáadáa tí yóò máa pe ìyá rẹ̀ ní "ó"? Wọ́n ni a ń pe ìyá, nínú Gẹ̀ẹ́sì náà mo sì pè wọ́n ní they, torí she wà lẹ́nu mi bí èébú. Mo ṣàlàyé ìyẹn, ó yé Helen, inú wọn tilẹ̀ dùn sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n wá béèrè èyí tó le: nínú gbogbo ohun tí they ṣe yẹn, èwo lèmi ṣe?

Nílé wa, ohun tí ọmọ bá ṣe lábẹ́ òrùlé ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ṣe é. Àwọn oníbàárà ń kí ìyá mi kú orí ire, èmi náà ń kí wọn bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ́ débi pé èmi gan-an ti gbà á gbọ́. Èwo ni mo ṣe? Mo ronú padà, ẹnu sì ya èmi alára.

Ìyá mi ló kọ́ mi ní ìyẹ̀fun pípò, n kò jẹ́ sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo dúró lọ́dọ̀ àwọn alákàrà láàárọ̀, tí mo rí i pé bíríkìlà tó bá ra àkàrà máa ń wá ẹni tí yóò bá òun pín búrẹ́dì ńlá. Èmi ni mo ní ká ṣe èyí tó gba àkàrà méjì péré. Ìyá mi ní búrẹ́dì ọmọlangidi ni. Èmi ni mo gbé e fún àwọn alákàrà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo lọ sí Ẹdẹ, tí ààrò àkọ́kọ́ wó lulẹ̀ tòun ti búrẹ́dì nínú, tí mo jókòó sínú eérú tí mò ń sunkún, tí mo tún mọ òmíràn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Helen.

"And what did your mother say about the second branch?"

"They..." Mo dá ọ̀rọ̀ náà padà. "She."

Ó jáde. Ó rí lára mi bí ẹni pé mo ṣí gèlè lórí ìyá mi láàárín ọjà. "She did not want it. She said I will scatter what she gathered. She refused to come on the day we opened." Omijé ti dé ojú mi. "Sorry. Please, sorry."

Helen ní kí ni mò ń tọrọ àforíjì fún, kò sí ohun tí mo fi ṣe àwọn.

"Not you, ma," mo ní. "It is my mother I am telling."

Alájà fò dìde bí mo ti jáde. "Ṣé o sọ fún wọn pé ara rẹ ò yá?"

"Mo sọ fún wọn pé ìyá mi ò fẹ́ kí n ṣí Ẹdẹ."

Wọ́n gbá àyà. "Ẹ̀gbọ́n mi kẹ̀? O sọ ọ́ lójú òyìnbó?" Wọ́n kọjú sí fèrèsé bọ́ọ̀sì títí a fi dé ilé, èmi náà kò sì dá ara mi láre.

Lórí fóònù ni èsì ti wọlé, nígbà tí a ń jẹun lọ́wọ́. Mo na fóònù sí Fausa, òun ló bá mi kà á. "You're in," ó ní. Ó tún un kà. "Cuz, you're actually IN! They said the degree is weak, but ohun tó o ṣe pẹ̀lú bakery yẹn, they hardly ever see that. Oh my days!" Mi ò gbà á gbọ́. Mo ní kó tún un kà, ó tún un kà. Alájà forí balẹ̀ fún Ọlọ́run nílẹ̀ kíṣìnnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ata ti ń hó. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, wọ́n tún gba máìkì: "Ẹ̀yin ará mi, ipò kẹta tí mo sọ fún yín, wọ́n ti gbà á o!" Wọn kò ṣàtúnṣe kankan sí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí mo wò wọ́n, wọ́n gbé ojú kúrò.

Nílé

Mo dé Ìwó tayọ̀tayọ̀. Ìyá mi jókòó sídìí tábìlì tí a ti ń gé ìyẹ̀fun tí a pò, mo kúnlẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ròyìn. Mo sọ ti ìgbín, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo sọ ti ọkùnrin inú bọ́ọ̀sì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Mo sọ ti ipò kẹta, wọ́n ní, "Àbí kí ni mo ṣì sọ níbẹ̀? Kẹta kọ́ ni?" Mo wá sọ ti they, mo sì sọ ti she. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi, mi ò tètè rí i pé ẹ̀rín ti tán lójú wọn.

"Kí ni she?"

Mo sọ ọ́ fún wọn pé bí ìgbà tí èèyàn ní "ó" ni.

"O ní ó ò fẹ́. O ní ó ò wá."

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n gbọn ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́. Mo ń dúró de èébú. Èébú ni mo fẹ́, ǹ bá tọrọ àforíjì, kó tán níbẹ̀.

"Mi ò bínú," ni wọ́n wí. "Òótọ́ ni. Èmi ò fẹ́ búrẹ́dì kékeré yẹn. Èmi ò mọ ojú ọ̀nà Ẹdẹ dòní. Tí wọ́n bá kí mi kú orí ire nígboro, mo mọ̀ pé ìwọ ni wọ́n ń kí, mo kàn ń bá ẹ jẹ́ ẹ ni." Wọ́n wo ààrò, wọ́n wo àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé páànù wọlé jáde, wọ́n wá wò mí. Mi ò rí ojú yẹn rí látìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ẹ̀rù wà nínú rẹ̀. "Ó dáa, Bàṣírá. Oṣù kẹsàn-án tí o máa wọlé ò jìnnà mọ́. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìwọ lo ń ṣe é, tó o bá lọ tán, ta ni yóò máa ṣe é?"

Ní London, mo fi ẹkún jà kí ẹni tí kò mọ̀ mí rí tó lè gbà pé èmi ni mo ṣe é. Ìyá mi gbà á fún mi láìjà rárá, èmi ni mo sì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ tí mò ń retí kí wọ́n sọ pé irọ́ ni mo pa.